Tábìlì Àwọn Àgbà

Ọgbà, Ìkẹjà

Gbénró àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ìyàwó mi ṣì wà ní Àbújá, ó ń bá Àrínọlá ọmọ wa tọ́jú ìkókó. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń dà mí láàmú.

Ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀bù tẹníìsì orí tábìlì wa ló wà lọ́kàn mi. O rántí òfin tí èmi àti ìwọ ṣe: ẹni tó bá fìdí rẹmi á kúrò nídìí tábìlì, ẹni tó borí á dúró. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ síbi ìdíje dé, òfin yẹn ló lé àwa àgbà. Bàbá Ayọ̀tọ́lá á jókòó retí kó kàn án fún wákàtí kan, wọn á nà án láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, á tún padà lọ jókòó. Bí àwọn ọ̀rẹ́ wa ṣe dẹ́kun wíwá nìyẹn.

Mo bínú nípàdé. Moyọ̀sọ́lá tó ń kọ́ àwọn eléré ìdíje kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ dá kílọ́ọ̀bù sílẹ̀, sà. Ẹ máa lo tábìlì kejì, ẹ̀yin àgbà nìkan."

Mo pe àwọn ọ̀rẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó padà wá.

Láràárọ̀ Sátidé, èmi nìkan máa ń gbé apá kan tábìlì kejì náà nàró bí ògiri, màá máa gbá bọ́ọ̀lù lù ú, á máa padà wá bá mi.

Kí Olúwa máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Tó o bá ń bọ̀ ní Kérésì, má ra nǹkan kan fún mi. Mú bátì rẹ wá. O kò mọ̀ ọ́n gbá rí, èmi náà kò mọ̀ ọ́n gbá mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Akínfẹ́nwá