Iye Alùpùpù Tuntun ní Igbókòdá àti ní Kútọnu

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń gun alùpùpù lórí yanrìn etí òkun,

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ má bínú bí ìkọ̀wé mi bá wọ́. Alùpùpù yín ti kú. Kò kú lójijì. Iyọ̀ ló jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ mò ń fi omi kànga fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà ayé yín, tí ẹ ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tí ẹ ó máa fi àkísà nu táyà bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ẹja ni mo kó sẹ́yìn lọ́jọ́ tí irin abẹ́ ìjókòó dá sí méjì. Mẹkáníìkì wò ó títí, ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ kó sinmi. Bí mo bá jó ibí yìí mọ́ra, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló máa tún já.”

Mo lọ béèrè iye owó alùpùpù tuntun ní Igbókòdá. Bàbá, owó tí ẹ fi ra tiyín lódidi nígbà yẹn, bóyá ló lè ra táyà méjèèjì lónìí. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́? Ọkùnrin tó ń tà á kò tilẹ̀ bá mi jiyàn. Ó ní òun náà mọ̀ pé ó wọ́n, pé dọ́là ni. Kí ni dọ́là ń wá nídìí ẹja gbígbẹ wa?

Mo pe Yẹ́misí, àbíkẹ́yìn yín, ní Gàbọ̀n níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń pẹja. Ó ní tọ̀hún tún wọ́n ju tiwa lọ, àmọ́ ẹni tí ẹja bá ṣe dáadáa fún lè rà á. Mo wá pe Ẹ̀gbọ́n Olú ní Kútọnu. Ó rẹ́rìn-ín.

“Máa bọ̀ níbí. Irú ẹ̀ gan-an wà níbí, kò tó iye tí wọ́n pè fún ọ rárá.”

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi, mo wọ bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ń ro mí. Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ. Wọ́n tò wọ́n síta lábẹ́ oòrùn, pupa àti dúdú, ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó wọn. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó Sẹfà sí náírà fún mi, ó kù díẹ̀ kí n sunkún ayọ̀. Àfi ìgbà tí ọkùnrin tó ń bá èèyàn kó ẹrù kọjá ẹnubodè ní kí n jókòó gbọ́ ìyókù: owó ẹnubodè, owó ìwé, owó ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tó parí, àpapọ̀ rẹ̀ ti ju ti Igbókòdá lọ.

“Màdámù,” ó ní, “ibi tó dúró sí yìí nìkan ni kò ti wọ́n.”

Ìgbà yẹn ni Ẹ̀gbọ́n wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. “Má gbé e lọ mọ́. Dúró síbí, kí o máa fi ṣiṣẹ́. Mo ti gba yàrá dè ọ́. Kí lo fẹ́ padà lọ bá ní Ararọ̀mí? Òkun ti gbé ilé wa àtijọ́, ó ti gbé ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà ló kù tó ń jẹ.”

Bàbá, kí ni ẹ̀yin ìbá sọ fún un? Mo sùn sí yàrá náà. Ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, mi ò gbọ́ ìró òkun, mo sì sùn fọnfọn. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo pe Ìyé, ìyàwó yín.

“Ìyé, Ẹ̀gbọ́n ní kí n dúró.”

“Ṣé o fẹ́ dúró?”

“Mi ò mọ̀.”

“Bó o bá fẹ́ dúró, dúró. Má fi mí ṣe àwáwí. Àmọ́ èmi ò kúrò níbí o.”

Mo padà wálé. Ẹ má pè é ní ìwà akin, Bàbá. Mi ò kàn ní agbára láti bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn ni. Igbókòdá tó wọ́n náà ni mo ti rà á. Ẹ̀gbọ́n bínú, kò gbé ìpè mi, ṣùgbọ́n ó gba owó yàrá padà lọ́wọ́ onílé, ó fi ránṣẹ́ láti kún un. Ọlọ́kọ̀ tó gbé e wá sílé gba owó èrò méjì lórí rẹ̀. Ó dára, ó ń dán. Mi ò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ tán nínú òun àti ọ̀nà tí mò ń gbà.

Lánàá, Ìyé dìde kúrò nídìí ẹja tó ń yan, ó ní kí n gbé òun lọ wo ibi tí òkun dé. Ó dì mí mú lẹ́yìn. A dé ibẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo omi títí. Lẹ́yìn náà ó ká ìró rẹ̀, ó tún gun alùpùpù lẹ́yìn mi.

“Ó dáa,” ó ní. “Gbé mi padà. Ẹja mi wà lórí iná.”

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.