Àìsàn Tí Kò Dun Bàbá Rẹ

Ahoyéyé, ọjọ́ Àìkú

Jocelyne ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà ní Kútọnu? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Olúwa ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ lójú ọ̀nà. Àgbàdo wa ti yọmọ, ewúrẹ́ rẹ sì bí mẹ́ta. Lẹ́tà ni mo kọ torí pé bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, bàbá rẹ á gbọ́, àwọn gan-an lọ̀rọ̀ ọ̀hún sì kàn.

Bàbá rẹ ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n má sunkún, ara wọn le koko. A gbé gààrì lọ sí ọjà Sakété, la bá rí nọ́ọ̀sì kan tó ń yẹ ara èèyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó di nǹkan mọ́ bàbá rẹ lápá, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi fún pinpin, ó wá ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Mo ní ta lo máa fún lápá báyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò ní ru? Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó fún wa lóògùn, ó ní ojoojúmọ́ ni, títí ayé. Mo ní ṣé àìsàn náà máa tán lára wọn, ó ní rárá. Mo ní ṣé wọ́n ń kú lọ ni, ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá lò ó, apá àti ẹsẹ̀ kan lè rọ lójijì.

Bàbá rẹ ò lò ó! Wọ́n ní ẹni tí ò lè roko, tí èèyàn ń wá kí, ìyẹn laláìsàn. Mo ro ó, mo ní kò burú, mo lọ bẹ Anicet aládùúgbò wa pé kó wá kí aláìsàn. Ó gbé ọsàn dání, ó fajú ro wọlé, àfi bó ṣe bá bàbá rẹ lórí òrùlé, wọ́n ń kan páànù. Ó ní mo fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó gbé ọsàn ẹ̀ padà. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n jábọ́.

Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rù ń bà mí, Jocelyne. Bí mo bá ti jí láàárọ̀, apá wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò bóyá ó ṣì ń gbéra.

Torí náà, wá. Bàbá rẹ mọ̀ pé o kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ lásán, bí wọ́n bá rí ọ, wọ́n á gbà pé ara àwọn ò yá. Fi owó díẹ̀ dání fún oògùn, oṣù kan péré lèyí tí wọ́n fún wa. Tóo bá dé, má sọ pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ pẹ̀lẹ́ ni kóo sọ, kóo jókòó tì wọ́n, kóo sì sunkún díẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ pé aláìsàn tóo wá kí fúnra wọn ni wọ́n á sáré jáde wá gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ