Ọ́ìlì Gíà fún Ọkọ̀ tí Marlys Fẹ́ Gbé Lọ

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá

Marlys ìyàwó mi sọ ọ́ lónìí. A ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́ ni. Ó kàn gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ń lọ bá Joyce àbúrò òun ní Missouri, òun ò sì ní padà wá. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Waino, láti ìgbà tí wọ́n ti ti ibi ìwakùsà tó o ti ń ṣiṣẹ́ pa, èmi nìkan ni mò ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Ìwé tó ò ń kọ lójoojúmọ́ yẹn lò ń bá sọ̀rọ̀, o kì í bá mi sọ̀rọ̀." Mo kó àwo, mo fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kẹwàá

Ìyá Arúgbó ló fẹ́ gbé lọ. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tá a ní. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó kọjá máìlì ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Gíà rẹ̀ ti ń yọ̀ látìgbà ooru — o ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní lọ. Tó bá yá, á fò síwájú bí ẹṣin tí wọ́n nà lójijì. Báwo ni yóò ṣe gbé irú nǹkan báyìí la ìpínlẹ̀ mẹ́rin já? Mo ní màá pààrọ̀ ọ́ìlì gíà kó tó lọ. Ó ní o ṣeun.

O ṣeun. Bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé ìtajà.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹwàá

Delbert òdìkejì títì — ẹni tó wa ọkọ̀ agégẹdú títí ìbàdí rẹ̀ fi daṣẹ́ sílẹ̀ — rí mi níbi tí mo ti ń wo abẹ́ ọkọ̀. Ó fara ti ọgbà.

"Má fọwọ́ kàn án o! Ọ́ìlì tó ti pẹ́ tó yẹn, òun gan-an ló ń di gíábọ́ọ̀sì yẹn mú. Tó o bá lè dà á nù, o ti pa á nìyẹn."

Mo ní bí mi ò bá pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́?

"Á kú náà." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ pé ìwọ lo pa á." Ó wá wò mí dáadáa. "Àbí kí ló ń ṣe ọ́ gan-an? Ìyàwó ń já ọ jù sílẹ̀, ìwọ ń tún ọkọ̀ ṣe fún un! Fi í sílẹ̀ kó dákú síwájú ilé yìí, òmùgọ̀."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti rò ó kí òun tó sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹwàá

Yìnyín díẹ̀. Marlys ń di aṣọ sínú páálí. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹwàá

Mo ṣe é. Mo wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fi jáàkì gbé e sókè, mo fi irin tì í nísàlẹ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tutù bí òkú. Nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn kan ti dípẹtà, kò gbọ́ sípánà — mo fi èdè Finn, èdè ìran wa tí bàbá mi fi ń bú màlúù, bú u, ó sì gbọ́. Bí àwo tó gba ọ́ìlì dúró nísàlẹ̀ gíábọ́ọ̀sì ṣe ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, ọ́ìlì dà lé mi lápá títí dé abíyá. Pupa ló yẹ kó jẹ́. Dúdú ni, ó ń rùn bí búrẹ́dì tó jóná.

Marlys jáde, ó gbé kọfí sítòsí ẹsẹ̀ mi. Bàtà rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. "Òtútù ò mú ọ?" Mo ní rárá. Kò lọ. Bàtà yẹn dúró. Ó ń retí nǹkan. Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu — mo ní kó bá mi mú sípánà kékeré. Ó fẹsẹ̀ tì í sí mi.

Òòfà kékeré kan wà nínú àwo náà, òun ló máa ń fa lẹ́búlẹ́bú irin mọ́ra. Lẹ́búlẹ́bú ò burú. Àmọ́ ohun tí mo rí lára rẹ̀ kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú. Ègé irin ni, ó ń dán, ó tóbi tó èékánná ọmọ ìka. Eyín gíà ti ń kán nínú lọ́hùn-ún.

Mo fi ègé náà sápò. Mo wá nu àwo náà, mo pààrọ̀ asẹ́ ọ́ìlì, mo de àwo padà, mo fi àrọ da ọ́ìlì tuntun sí i díẹ̀díẹ̀, mò ń wo géèjì. Pupa fòò. Mo wà á dé ìtẹ́ òkú, mo padà. Gíà ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọkọ̀ tuntun. Ìyẹn gan-an ló burú jù.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún un. Mo ní, "Marlys, gíábọ́ọ̀sì yẹn ti ń jẹ ara rẹ̀. Kò lè gbé ọ dé Missouri." Mo na ègé irin náà sí i lórí àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó pẹ́.

"Oṣù Kẹjọ tí mo fẹ́ lọ kí Joyce, o ní táyà ò dáa. Oṣù Kẹsàn-án, o ní bírékì ni."

Òótọ́ sì ni méjèèjì! Mo pààrọ̀ méjèèjì!

"Mo mọ̀, Waino," ló wí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó padà sídìí páálí rẹ̀.

Kò gbà mí gbọ́. Ta ni yóò gbà á gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń fi sílẹ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Kẹwàá

Ó lọ. Ó dì mọ́ mi kó tó wọlé ọkọ̀. Gíà wọlé láìyọ̀. Delbert dúró lójúde rẹ̀, kò yọ mí lẹ́nu, ó kàn ṣí fìlà.

Ọjọ́rú, 30 Oṣù Kẹwàá

Ojú ń tì mí láti kọ àdúrà tí mò ń gbà. Kí ọkọ̀ kú. Kó kú níbi tí kò jìnnà, kó má ṣe é léṣe. Kó pè mí. Màá yá ọkọ̀ Delbert, màá lọ bá a, a ó jọ jókòó lẹ́bàá títì yẹn, màá sọ gbogbo rẹ̀ jáde, gbogbo rẹ̀ pátá.

Ọjọ́bọ̀, 31 Oṣù Kẹwàá

Àwọn ọmọdé wọ aṣọ egúngún wọn wá, bí wọ́n ti máa ń ṣe lálẹ́ òní lọ́dọọdún, wọ́n ń tọrọ súìtì. Marlys ló máa ń rà á. Mo pa iná iwájú ilé. Fóònù ò dún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kọkànlá

Ó dún. Mo sáré débi pé mo fi orúnkún gbá àga.

Ọkùnrin kan ni, láti Wisconsin, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fa ọkọ̀ tó bá bàjẹ́. Ó ní orúkọ mi lòun rí nínú ìwé ọkọ̀. Ọkọ̀ yẹn kú sẹ́bàá títì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Mo ní, ìyàwó mi ńkọ́?

"Ara wọn le, bàbá. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Missouri ni wọ́n láwọn ń lọ."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, irú àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ni. "Mo tiẹ̀ bi wọ́n pé, ìyá, ẹ ò mọ̀ pé gíà yìí ti bàjẹ́ tipẹ́ ni? Wọ́n láwọn mọ̀. Wọ́n ní ọkọ àwọn fi irin rẹ̀ han àwọn, pé ọkùnrin náà kì í purọ́. Mo ní, kí wá lẹ wọ̀ ọ́ fún? Wọ́n ní kó ṣáà gbé àwọn kúrò níbẹ̀, ibi tó bá kú sí, àwọn á wá nǹkan míì wọ̀ níbẹ̀."

Mo ní kó ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin.

Mo ti rò pé nítorí pé kò gbà mí gbọ́ ló ṣe lọ. Èrò yẹn ni mo dì mú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sí mọ́.