Ọjọ́ Tí Ilé Ìwé Kan Kó Wá Hun Agbọ̀n Nílé Wa

Ọmọ mi, ọkọ mi,

O kú iṣẹ́ o, o kú ìnáwó, o kú wàhálà ìlú ńlá. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Iṣẹ́ tí ò ń ṣe kò ní ṣe ọ́. Ẹni tó ń wá ọ sí ibi kò ní rí ọ, èmi tí mò ń wá ọ sí rere, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí n rí ọ. Sọ pé àmín kí o tó kà á lọ.

Tí o bá ń bi mí léèrè, mo wà. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Kì í ṣe àìsàn, má fòyà, ọrùn ọwọ́ ló ń ro mí, orúnkún náà sì ń bá mi ṣe àríyànjiyàn kí n tó lè dìde, àárẹ̀ tí oorun kì í mú lọ ni. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, mo gbé àwo sábẹ́ rẹ̀, òun àti àwo ti mọwọ́ ara wọn.

Aránṣọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ló máa ń bá mi ṣí fóònù tí o rà fún mi. Ó fi àwòrán rẹ hàn mí, pẹ̀lú iná kékeré aláwọ̀ ewé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní tí iná yẹn bá ti ń tàn, ojú rẹ là sílẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mi, iná yẹn kì í tètè kú. Mo máa ń jókòó tì í kí o pa á kí èmi náà tó lè sùn, ìgbà mìíràn oorun á ti gbé mi lọ lórí ìjókòó. Jọ̀ọ́, máa paná, owó iná kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré, kí o sì jẹ́ kí àwa méjèèjì rí oorun sùn.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò lónìí ni pé àlejò ya ilé wa. Ilé ìwé girama kan láti ìlú tí o wà ni. Tíṣà wọn, obìnrin kan tó ti ra agbọ̀n lọ́wọ́ mi rí, sọ pé ojú ọ̀nà kan náà ni ilé ìwé àwọn àti ilé iṣẹ́ rẹ wà, àwọn máa ń kọjá níwájú rẹ̀ láàárọ̀. Èdè méjì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níbẹ̀, òyìnbó láàárọ̀, Yorùbá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọ wá wo bí a ṣe ń hun agbọ̀n, kí àwọn náà fi ọwọ́ ara wọn hun díẹ̀, ìrìn àjò àṣà ni wọ́n ń pè é. Mo ní agbọ̀n tí mò ń hun jẹun yìí, òun náà ti wá di àṣà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kò burú, ẹ máa bọ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Odindi bọ́ọ̀sì ọmọ, kẹ́kẹ́ pa! Mo rò pé wọ́n ti pàdánù ẹnì kan lójú ọ̀nà. Mo fa èyí tó sún mọ́ mi mọ́ra, mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tù yín nínú, omi ti ń bọ́ lójú mi kí tíṣà tó sáré dé. Ó ní kò sẹ́ni tó kú, òun ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ òyìnbó títí wọn yóò fi padà, wọ́n ń wá Yorùbá tí wọn yóò sọ ni. Mo nu ojú mi. Mo ní kí wọ́n wá a níbí, a ní i lọ́pọ̀.

Ó wá fún kálukú ní ìwé pélébé kan, pé kí wọ́n wá nǹkan rí nínú ilé, ohun tí a hun, ohun tí a fi amọ̀ ṣe, ohun tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá wọn. Ni wọ́n bá tú ká. Wọ́n wo abẹ́ ibùsùn mi, wọ́n wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ohun tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá wọn ni wọn ò rí, títí ọmọ kan fi dúró níwájú mi, ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó sì kọ ìyá àgbà síbẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù bá tò wá, wọ́n ń kọ ọ́. Mo rò pé ìjọba ló rán wọn wá ka àwọn arúgbó, mo yára sọ fún tíṣà pé kó fi kún un pé mo ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n má lọ fi mí sí ibi tí kò yẹ mí.

Lẹ́yìn náà la jókòó síwájú ilé, mo pín igi wẹ́wẹ́ tí mo ti là tí mo sì ti rẹ sómi fún wọn. Ọmọ mi, mo fẹ́ràn ọmọdé, ṣùgbọ́n irú agbọ̀n wo nìyẹn! Kékeré ni mo ní kí wọ́n hun, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, síbẹ̀ òmíràn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn ò nídìí, ẹyọ kan wà tí mi ò mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Ìwọ náà mọ̀ pé agbọ̀n tí kò gún kì í jáde nílé mi. Bàbá rẹ, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, máa ń sọ pé ẹni tó hun agbọ̀n ni ará ọjà ń wò, kì í ṣe agbọ̀n. Nígbà tí tíṣà kó wọn lọ jẹun létí odò, mo kó gbogbo rẹ̀ jọ síwájú, mo tú u, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un hun. Ọwọ́ ń ro mí, mò ń hun. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀, mo dúpẹ́, èyí tó kẹ́yìn ni mò ń dì lẹ́nu nígbà tí mo gbúròó wọn.

Tíṣà dé, ó di orí mú. Ó ní ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ni mo fẹ́ fún ní máàkì. Mo ní kó fún wọn ní máàkì rẹpẹtẹ, kò sí àbùkù kan lára rẹ̀. Ó ní ọwọ́ kan náà ló hun gbogbo rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ mi ni, òun náà ló ń ro mí yìí.

Ti ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò rí tú, ọmọbìnrin kan tó wọ gíláàsì. Ó ti fi tirẹ̀ pamọ́ sínú báàgì. Nígbà tó yọ ọ́ síta, ó wọ́, ó wọ́ gan-an bí èyí tí o kọ́kọ́ hun nígbà tí o wà ní kékeré, èyí tí mò ń kó àlùbọ́sà sí títí di òní. Tìrẹ nìkan ni mi ò tú rí láyé mi. Mi ò lè tú ti ọmọ yẹn náà.

Òun ló wá gbé fóònù síwájú mi láti ya fídíò mi, tó ń ka ìbéèrè láti inú ìwé, tó ń fa ọ̀rọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn. Ó ní ta ni ẹ kọ́ ní iṣẹ́ yìí? Mo ní ọmọ mi. Ó ní níbo ló wà? Mo ní ó wà ní ìlú yín. Ó wá gbé ìwé sílẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní ìgbà wo ló wá gbẹ̀yìn? Ìgbà tí a sin bàbá rẹ ni, ṣùgbọ́n ṣé ìyẹn ni n ó sọ fún ọmọ ọlọ́mọ? Mo ní ó ń bọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń bọ̀. Tíṣà sì ti ní gbogbo ìdáhùn wọn ni òun máa yẹ̀ wò, pé èyí tí kò bá jóòótọ́, òun á fi bírò pupa fagi lé e. Ọmọ yẹn ò ṣẹ̀ mí o, má jẹ́ kí wọ́n fagi lé tirẹ̀.

Wọ́n ní ojú ògiri kíláàsì ni wọ́n máa gbé mi sí, tí n ó máa hun agbọ̀n níbẹ̀, tí gbogbo ọmọ á máa wò mí. Mo béèrè bóyá ògiri náà lágbára, mo sì bẹ tíṣà pé kó sọ̀ mí kalẹ̀ kó tó ti kíláàsì. Ó ṣèlérí. Bí o bá ń lọ síbi iṣẹ́, yà síbẹ̀ kí o wò mí. Àmọ́ mo tún un rò, ìwọ á rí mi, èmi ò ní rí ọ, kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ ni mo bi tíṣà pé ọgbọ́n wo ló dá tó fi rí ọmọ tó pọ̀ tó báyìí kó jáde kúrò nílùú, tí èmi ò rí ẹyọ kan. Ó ní fọ́ọ̀mù ni. Ó ní ọmọ kankan ò gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i, pé àwọn kan wà tí òbí wọn gbàgbé, ńṣe ni wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu géètì tí wọ́n ń sunkún. Orí mi wú. Ìdí abájọ! Gbogbo bí o ṣe ń sọ pé ibi iṣẹ́ ò jẹ́ kí o wá, àṣé òótọ́ ni, èmi ni mi ò fọwọ́ sí i. Mo ní kó bá mi wá ọ̀kan tó ṣẹ́kù. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó lọ wá a nínú bọ́ọ̀sì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fún mi.

Òyìnbó wà lójú kan, Yorùbá wà lójú kejì, mo sì kà á dáadáa. Níbi orúkọ ọmọ, mo kọ orúkọ rẹ. Níbi kíláàsì, mo kọ pé ó ti jáde. Níbi oúnjẹ tí kì í bá ọmọ lára mu, mo kọ pé kì í jẹ àlùbọ́sà tútù, bóyá o ti ń jẹ ẹ́ báyìí, mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí ọmọ mú omi dání, kó dé fìlà, kó wọ bàtà tó ṣeé rìn. Níbi ìbuwọ́lù òbí, mo buwọ́ lù ú, mo tún tẹ ìka sí i kó má bàa sí àwíjàre kankan. Ó wà nínú àpòòwé yìí. Mú un lọ fún ọ̀gá rẹ, sì bá mi kí i.

Mo mọ̀ pé ibi tí a dé yìí ni mo ti máa ń tọrọ owó. Mò ń tọrọ rẹ̀ náà o, owó ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́, ìwọ ni kí o fi wọkọ̀. Owó òrùlé, má fi ránṣẹ́, mú un dání, kí o dúró sí ibi tó ti ń jò kí ó kán sí ọ lórí.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọwọ́ rẹ kò ní ro ọ́ bí tèmi. Àwọn ọmọ tí o máa bí yóò mọ ọ̀nà ilé rẹ. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ìlà tó kẹ́yìn nínú fọ́ọ̀mù náà ni mò ń kà ní àkàtúnkà láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé, a ó dá ọmọ padà sọ́dọ̀ òbí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ni òbí náà, ọmọ mi, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Máa bọ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.