Ọlọ́pàá Ẹlẹ́ṣin Lára Ògiri Mi

Olóòtú ètò rédíò wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ẹ ṣáà ní ará Ìgbọ̀nà kan ní Òṣogbo.

Káàdì àtijọ́ ni mo máa ń kó jọ, èyí tí wọ́n ya ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin sí, tàwọn ti láwàní lórí àti ọ̀kọ̀ ayẹyẹ lọ́wọ́. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Lóṣù tó kọjá, bàbá àfẹ́sọ́nà mi wá láti Iléṣà láti wádìí mi. Bí wọ́n ṣe wọlé, ọlọ́pàá méjìlélógójì ló dojú kọ wọ́n. Wọn ò jókòó. Wọ́n ní àwọn ò ní fọ́mọ fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́!

Àfi bí wọ́n ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń wo káàdì Kàdúná kan. Wọ́n ní, "Bàbá mi gun irú ẹṣin yìí níbẹ̀. A ò ní fọ́tò wọn kankan." Wọ́n bá jókòó.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni káàdì náà. Ṣé kí n fi í mọ́ ẹrù ìdána, láàárín oyin àti obì? Ọ̀rẹ́ mi ní ta ló ń mú ọlọ́pàá lọ sílé àna. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí lẹ rí sí i? Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mo ti ra férémù rẹ̀ pamọ́.