Àdúrà Tí Mo Tẹ̀ Lórúkọ Bàbá

Ọjọ́ Ajé, 3 Nòfẹ́ńbà
Oníbáàgì ti dé orí òkè. Khàlíl àbúrò mi ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ tó gbé báàgì ńlá yẹn kọ́ ẹ̀yìn, tó ní òun ń lọ sí Mambilla lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbin kọfí. Ó ní òun fẹ́ lọ sinmi. Àwòrán mẹ́rin ló fi ránṣẹ́. Ìkùukùu. Igi kọfí. Òun fúnra rẹ̀ nínú kóòtù tó yá lọ́wọ́ ẹni tó gbà á sílé. Ó ń rẹ́rìn-ín! Mi ò rí eyín ọmọ yẹn láti Iléyá.

Kò mọ̀ pé Bàbá ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù ní New Market lọ́jọ́ kejì tó lọ. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ. Ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn mọ́. Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún un. "Ẹni tó wà lájò lẹ fẹ́ bà lọ́kàn jẹ́? Ṣé kó ya wèrè sórí òkè ni?"

Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Ẹni tó bá wà lọ́nà jíjìn, ire nìkan ni kó máa gbọ́.

Ìṣẹ́gun, 4 Nòfẹ́ńbà
Ọsibítù láàárọ̀, kíláàsì tí mo ń kọ́ ní New Haven, ọsibítù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti rẹ̀ mí.

Kí n sọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an, níbí nìkan. Khàlíl ò gba àdúrà lẹ́nu Bàbá kó tó lọ. Oṣù mẹ́fà ni oorun ò fi kun ojú ọmọ yẹn. Ó máa ń sunkún lẹ́yìn àwọn maṣíìnì ìránṣọ tí òun àti Bàbá ń tún ṣe, ó rò pé a ò rí òun. Sandra, nọ́ọ̀sì tí a jọ ń gbé ní Obiagu, ló ní kó wá ibi tútù kan lọ. Bàbá ní ìsinmi kí ni? Lójú àwọn oníbàárà, wọ́n pè é ní ọ̀lẹ. Khàlíl ní, "Ṣọ́ọ̀bù yín ló ń pa mí." Ó gbé báàgì. Kò dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà ò ní kí Ọlọ́hun ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣubú. Tó bá gbọ́ báyìí, á gbà pé òun ló fà á. Màmá ò jẹ̀bi tán.

Ọjọ́rú, 5 Nòfẹ́ńbà
Mo ti ṣe nǹkan kan.

Fóònù Bàbá wà lọ́wọ́ mi. Khàlíl kọ̀wé sí wọn: "Bàbá, ẹ má bínú. Lánàá mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣé inú ṣì ń bí yín sí mi?"

Ó pẹ́ tí mo ti ń wò ó. Mo wá tẹ̀ ẹ́ bí Bàbá ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, láìsí kọ́mà, láìsí nǹkan kan: "Inú mi ti rọ̀ sinmi dáadáa kí Ọlọ́hun ṣọ́ ẹ lọ ṣọ́ ẹ bọ̀." Kíá ló dáhùn. Ẹ̀ẹ̀meje ló kọ Àmín.

Èmi Zuliat, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin. Mo jí ẹnu bàbá mi lò.

Jímọ̀, 7 Nòfẹ́ńbà
Ojoojúmọ́ ló ń kọ̀wé sí "Bàbá" báyìí. Ó ní kìkì èso tó bá ti pupa làwọn ń já. Àwọn a sá a sórí tapólì, àwọn a máa fi ọwọ́ yí i nínú oòrùn. Ìyá onílé ń yan án nínú ìkòkò, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. "Bàbá, ó korò bí ewúro o, but I don dey like am." Mo ń dáhùn. Mo ti ń gbádùn ẹ̀, kí Ọlọ́hun dárí jì mí.

Lónìí ó sọ pé nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, ikú ló wà lọ́kàn òun. Ikú! Ilé kan náà la jọ ń gbé, mi ò mọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ pé, "Má rò ó mọ́ ọmọ mi." Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Sátidé, 8 Nòfẹ́ńbà
Mo ka ọ̀rọ̀ Khàlíl sí Bàbá létí, mo fo ti ikú. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Kha." Ìyẹn nìkan. Wọ́n wá fi ọwọ́ òsì ti fóònù. Ṣé kí n gbé e kúrò ni? Àbí kí n pè é wá? Mo bi wọ́n, wọ́n di ojú.

Sọ́ńdè, 9 Nòfẹ́ńbà
Ìjà. Mo ní ká sọ fún un. Bọ̀dá Bashiru, àbúrò Bàbá, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá níbí, tó sì ń ṣe alága lé wa lórí nínú ilé pẹ̀lú, ní ara Bàbá ń yá. Tí wọ́n bá ti lè jókòó, a ó pè é. Màmá ń mi orí. Sandra tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì: "Zulie, call am. Na him papa. I don see this sickness tire."

Lọ́la ni màá pè é.

Ọjọ́ Ajé, 10 Nòfẹ́ńbà
Mo pẹ́ jù. Láàárọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé: "Bàbá, bí ẹ ṣe ní kí n sinmi dáadáa, mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. A ti ń lọ sí oko òkè kejì báyìí. Network no dey there o. Ẹ bá mi kí Àǹtí Zuliat."

Nítorí ọ̀rọ̀ mi! Ọ̀rọ̀ témi fi ọwọ́ ara mi tẹ̀!

Mo kọ ọ́ pé, "Rárá máa bọ̀ nílé." Àmì kan ṣoṣo ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo pè, kò lọ. Mo fi tèmi pè, kò lọ. Mo pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, wọ́n ní kí n jáde.

Ìṣẹ́gun, 11 Nòfẹ́ńbà
Àmì kan.

Ọjọ́rú, 12 Nòfẹ́ńbà
Bàbá ò gba ògì mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Tí ẹnìkan bá wọlé, wọ́n á gbé orí díẹ̀. Tí wọ́n bá rí i pé kì í ṣe Khàlíl, wọ́n á gbé e lélẹ̀. Ó ti yé mi wàyí, ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jọ́ Sátidé. Ọlọ́hun, wọ́n fẹ́ rí i.

Lọ́sàn-án, Màmá di ọwọ́ mi mú: "Zuliat, pè é. Sọ gbogbo ẹ̀ fún un." Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Ẹ̀rín burúkú. Màmá gbá mi létí. Àwa méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Jímọ̀, 14 Nòfẹ́ńbà
Bàbá lọ láàárọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ a sin wọ́n. A ò lè dúró de ẹnikẹ́ni.

Àmì kan.

Sátidé, 15 Nòfẹ́ńbà
Lẹ́yìn ìrun Àsárì, fóònù Bàbá dún nínú àpò mi. Àwọn tó wá kí wa kún pálọ̀. Mo sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹ ní kí n máa bọ̀. Ṣé kò sí? Oúnjẹ la sọ̀ wá mú ní abúlé, ọ̀la ni màá wọkọ̀. Mo ti gba kọfí dání, èmi fúnra mi ni màá sè é fún yín." Òmíràn tún wọlé: "Bàbá, màá padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ò fi tipá mú mi o."

Ó wá ń pè. Mo jẹ́ kó dún tán. Ó tún pè. Bọ̀dá Bashiru ti pàṣẹ: tó bá pè, ká ní Bàbá ń sùn, kó fara balẹ̀ dé ilé ná. Mo mọ ìdí. Òun náà fẹ́ràn ọmọ yẹn.

Mo gbé e. Ó ní, "Bàbá!" Inú rẹ̀ ń dùn.

Mo ní, "Zuliat ni."

"Àǹtí mi! Ẹ gbé e fún Bàbá."

Mo bi í ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní baba onílé. Mo ní kó pè é, kí ó jókòó tì í. Kò bi mí ìdí. Mo gbọ́ bó ṣe pe ọkùnrin náà, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe wọ́ àga. Mo wá sọ ọ́. Mo ní Bàbá ti lọ, àná la sin wọ́n. Mo ní ọjọ́ kejì tó kúrò nílé ni wọ́n ti ṣubú, wọn ò di fóònù mú láti ìgbà náà. Èmi ni mo ń kọ̀wé sí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo ń gbọ́ èémí ẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta.

Ó wá bi mí, jẹ́jẹ́, "Àǹtí, àdúrà yẹn ńkọ́?"

Mo ní èmi náà ni.