Arógunyọ̀ Tí O Fi Sí Mi Lọ́wọ́

Ojúlé Kejìlá,
Bódìjà Tuntun,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1998.

Rótìmí, àbúrò mi àtàtà,

Báwo ni Máídúgùrì? Báwo ni ooru, báwo ni eruku? Ẹwàolúwa ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú ti ń lọ sílẹ̀? Sọ fún un pé kó máa gbé e sórí àpótí bó bá jókòó, kó sì dín iyọ̀ kù. Iṣẹ́ omi tí ìjọba gbé ọ lọ ṣe ńkọ́? Mo gbọ́ pé kànga tí ẹ gbẹ́ ní oṣù tó kọjá kò lómi. Má bara jẹ́, ilẹ̀ kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ara tèmi le. Ara ìyá rẹ náà le. Wọ́n wá kí mi láti Agbowó ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n jẹ iṣu dáadáa, wọ́n sì fi wákàtí méjì ráhùn pé o kì í kọ̀wé. Mo bá wọn ráhùn.

Mo mọ̀ pé ńṣe lo ń fi ojú fo gbogbo ìkíni yìí, tí o ń wá ibi tí mo ti dárúkọ Arógunyọ̀. Fara balẹ̀. Ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ro bó ṣe wà láàyè fún ọ lẹ́sẹẹsẹ, torí mo mọ̀ pé Tàjúdéènì ti ń kọ lẹ́tà tirẹ̀, ọmọ náà kì í sì í ro nǹkan lẹ́sẹẹsẹ.

Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ bi mí pé ta tún ni Arógunyọ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ó jẹ́ ẹbí wa. Mo ṣàlàyé fún wọn pé eré ni. Mo ní àwọn ènìyàn méjìlá, tí ọ̀pọ̀ wọn kò fojú kan ara wọn rí, ló jọ wà nínú ọkọ̀ kan tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Oníkálukú ti fi ọpọlọ ara rẹ̀ dá ènìyàn kan sílẹ̀, ó ń kọ ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe, ó sì ń fi í ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin kan ní Kánádà, tí à ń pè ní Ọ̀gá Eré, á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á sì kọ̀wé padà láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní ọ̀gá àwọn jagunjagun inú ọkọ̀ náà ni Arógunyọ̀, pé Rótìmí ló dá a sílẹ̀, pé èmi ni mo ń bá a tọ́jú rẹ̀ nítorí kò sí wáyà tẹlifóònù níbi tí Rótìmí wà.

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Rótìmí tó máa ń sá fún tòlótòló?"

Mo ní òun náà ni.

Nígbà tí o ń lọ ní oṣù kìíní, o gbé fáìlì ńlá kan lé mi lọ́wọ́, o sì sọ ohun méjì: mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kú, mi ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó tẹ́. O mọ̀ mí. Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, n kì í fọwọ́ kan ohun tí n kò tíì kà. Mo ka fáìlì náà láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, mo sì ṣí ìwé kan tí mo ń kọ ohun tí mo bá rí sí.

Ohun tí mo rí nìyí. Ọwọ́ òsì Arógunyọ̀ kán sí méjì ní oṣù kẹta ọdún 1996. Ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọwọ́ òsì yẹn kan náà ló fi gbé ilẹ̀kùn irin kúrò lórí ọmọbìnrin kan. Ìbọn ọgọ́rùn-ún ni wọ́n yìn lù ú ní oṣù kẹfà, wọn kò rí nǹkan kan bà bí kò ṣe bọ́tìnnì rẹ̀. Kò sí ayé tó dé tí kò gbọ́ èdè wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bẹ́ẹ̀ ìwọ tó dá a sílẹ̀ ti lo oṣù méje láàárín àwọn tó ń sọ Haúsá, o ṣì ń fọwọ́ júwe ata. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Ọgọ́rin ènìyàn ni ìwé sọ pé ó wọ ọkọ̀ náà. Mo ka àwọn ọmọ ẹ̀yìn Arógunyọ̀ tó ti kú níkọ̀ọ̀kan, wọ́n jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ká tiẹ̀ má ka àwọn tó ṣì ń mí, Rótìmí, o ti pa ènìyàn mẹ́tàlá tí kò wọ ọkọ̀.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi, n kò sì ní fi pa mọ́. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta, mo fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Eré. Mo rò pé yóò tún ìṣirò rẹ̀ ṣe ni. Ojú tì í gidigidi. Ó dáhùn pé òótọ́ ni mo sọ, pé òun ti ń kẹ́ àwọn akọni jù, àti pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, òun yóò máa ta dáìsì lúdò fún gbogbo ènìyàn nínú ewu, títí kan ọ̀gá àwọn jagunjagun. Ẹni tí ọ̀kan bá yọ sí, ó kú nìyẹn, kò sí àjíǹde.

O rí i bí? O ní kí n tọ́jú ọmọ rẹ, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bọ́ ààbò lára rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù keje ni wàhálà dé. Àwọn ọ̀tá wa, àwọn Dórákì, mú méje nínú àwọn ènìyàn wa, wọ́n tì wọ́n mọ́ inú ọkọ̀ ogun wọn. Ọ̀gá ọkọ̀ wa, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní Ọsirélíà, pàṣẹ kí Arógunyọ̀ lọ fọ́ ilẹ̀kùn kó sì kó wọn jáde. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Zùwáírátù ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Bódìjà láti kọ èsì. Zùwáírátù fúnra rẹ̀, ẹni tó ń ṣe dókítà inú ọkọ̀ náà, wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí jẹnẹrétọ̀, torí NẸ́PÀ ti mú iná lọ. Tàjúdéènì, tó ń ṣe onímọ̀ ẹ́ńjìnnì, ti dé láti Àpẹ̀tẹ̀, kò sì lè jókòó.

"Àǹtí Àpínkẹ́, ẹ jẹ́ kó wọlé!" ló ń pariwo. "Kó fọ́ ilẹ̀kùn! Arógunyọ̀ kì í kú!"

Mo ní, "Ìgbà tí kì í kú ti kọjá. Ìgbà mẹ́rin ni wọn yóò ta dáìsì fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn méje yẹn. Mo ti ṣírò rẹ̀. Ó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ pé yóò kú."

Zùwáírátù dáhùn láti ìdí jẹnẹrétọ̀ pé, "Ìwọ náà lo fà á, Àpínkẹ́. Ta ló rán ọ níṣẹ́ òkú kíkà?"

Mo padà sí fáìlì láti wá ohun tó mú kí àwọn Dórákì máa bínú sí wa tó bẹ́ẹ̀, mo sì rí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́, Arógunyọ̀ jó ilé epo wọn tó wà lójú òfurufú. Ó fẹ́ kí ọmọbìnrin kan rí bí iná náà ṣe rẹwà. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo ti tò sórí ìlà epo ní Ring Road láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń kà á yẹn gan-an, mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún àwọn méjèèjì pé ẹ̀ṣẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré, pé àwa la jẹ̀bi.

Tàjúdéènì ní, "Ọ̀tá mà ni wọ́n, Àǹtí!"

Zùwáírátù ní, "Ọ̀tá kì í to ìlà epo?"

Bó ṣe di pé a ń wá ẹni tí yóò bá wa bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Bí o bá ṣẹ ènìyàn ńlá nílé wa, o kì í lọ fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. O máa ń wá ẹni tí kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu ni. Mo kọ̀wé sí Ọ̀gá Eré pé Arógunyọ̀ kò tíì wọlé, pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń béèrè ẹni tó tọ́ olórí ogun àwọn Dórákì dàgbà.

Odindi ọjọ́ mẹ́wàá ni kò fi dáhùn. Nígbà tí yóò dáhùn, ó ní òun kò ronú kan ọ̀rọ̀ náà rí. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ọ̀tá kì í ní ẹbí, ìbọn nìkan ló máa ń ní. Àmọ́ ó ti wá rí ẹnìkan fún wa: ìyá àgbà kan, àbúrò bàbá olórí ogun náà, tí wọ́n ń gbé yàrá kékeré kan nínú ọkọ̀ ogun yẹn gan-an, tí wọ́n sì ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Inú mi dùn. Zùwáírátù kọ́kọ́ lọ, torí dókítà kò lọ́tàá, ó sì mú oògùn làkúrègbé dání. Ìyá náà gba oògùn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n wá ní, "Ẹni tó jó ilé epo wa ńkọ́? Òun gan-an ni kó wá."

Rótìmí, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. O ní kí n má jẹ́ kó kú, o sì ní kí n má jẹ́ kó tẹ́. Mo wo méjèèjì, mo mú ìkan. Mo ní kó bọ́ ìbọn sílẹ̀, kó wọ yàrá ẹlẹ́fọ̀ọ́ náà, kó sì dọ̀bálẹ̀. Mo kọ ọ́ kedere, àyà kan ilẹ̀, ilẹ̀ irin tó tutù.

Wàhálà tí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn dá sílẹ̀, o kò ní gbà á gbọ́. Ará Amẹ́ríkà kan kọ̀wé béèrè pé ta ló yìnbọn lù ú. Ọmọ Ọsirélíà tó jẹ́ ọ̀gá wa kéde pé Arógunyọ̀ ti ṣubú, ó kó ènìyàn jọ láti lọ gbé òkú rẹ̀ kí wọ́n sì gbẹ̀san. Bí Tàjúdéènì ṣe rí i, ó sáré jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kò tiẹ̀ yanjú gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tán tó fi rán an lọ: "Ẹ má yìnbọn o! Ó ń kí ìyá ni!"

Ọpẹ́lọpẹ́ Tàjúdéènì lọ́jọ́ yẹn. Sọ fún un bí o bá ń fèsì lẹ́tà rẹ̀.

Ìyá àgbà wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó nà sí, wọ́n ní, "Ta ni àwọn ènìyàn rẹ? Ẹnìkan kì í dá wá bẹ̀bẹ̀." Ọ̀gá Eré ti ń kọ́ nípa wa, o rí i, ó sì ti ń fi ohun tó kọ́ há wa mọ́ igun. Mo tún sáré padà sí fáìlì. Ní ojú ewé kìíní, níbi tí o ti sọ ẹni tí Arógunyọ̀ jẹ́, o kọ ọ́ pé kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò ní ará, inú iná ni wọ́n ti rí i. Ìyá tó bí ọ ń fọ aṣọ rẹ títí o fi gbé ìyàwó. Kí ló wá dé tí ọmọ tìrẹ kò fi lẹ́nìkan?

Kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́. Bí kò bá sí ẹni tó bá a wá, àwọn méje yẹn kò ní padà, wọn yóò sì mú òun náà mọ́ wọn. Zùwáírátù ló gbà mí nímọ̀ràn pé, "Kọ ara rẹ sí i."

Mo dá obìnrin kan sílẹ̀. Ọ̀ṣuntóyìn ni mo pè é. Òun ló ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ inú ọkọ̀ wa, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń gbé, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i fún ọdún méjì. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arógunyọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, àbúrò mi ni. Ojú rẹ̀ kò gbélẹ̀ láti kékeré. Ilé epo yẹn, a ó bá yín tún un kọ́." Mo rán an lọ. Wáyà tẹlifóònù sì kú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ rẹ fi wà nílẹ̀, èmi náà kò sì sùn dáadáa.

Èsì dé ní àná. Tàjúdéènì gun ọ̀kadà gbé e wá bá mi nílé, ó ń kà á kí n tó ṣílẹ̀kùn. Ìyá àgbà ní kí wọ́n tú àwọn méje sílẹ̀. Wọ́n yíjú sí Arógunyọ̀, wọ́n ní, "Dìde, ó tó." Ọ̀gá Eré wá kọ gbólóhùn kan sí i, òun ló kọ ọ́ o, kì í ṣe èmi. Ó ní kí Arógunyọ̀ tó dìde, ó kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bí inú bá bí ọ, wá bí i níbí ní oṣù Kejìlá, màá tẹ ẹ̀bà sílẹ̀. Bá mi kí Ẹwàolúwa. Bó bá bímọ kí o tó kọ̀wé, fi orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́ kíákíá, ìyá rẹ kò ní jẹ́ kí n sinmi. Zùwáírátù ní kí n kí ọ. Tàjúdéènì ní òun ti kí ọ nínú tirẹ̀.

Èmi náà ni, ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìbàdàn àti lójú òfurufú,

Àpínkẹ́.